Kí ẹ tó sanwó ìwé àtijọ́: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ nínú páálí tí wọ́n dì dáadáa. Ẹni tó tà á fún mi ti kọ ọ́ gàdàgbà pé àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ń bo páálí ìwé. Jákẹ́ẹ̀tì ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ìwé náà, ó fúyẹ́ jù. Mo wo igun inú jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí iye owó máa ń wà: kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi sísọ́ọ̀sì gé e. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ìwé, ibi tí àwọn ewé ti so pọ̀, ni ọwọ́ mi bá kan ibi kékeré kan tó jìn wọnú. Kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Ara mi tutù. Ẹ̀dà ẹgbẹ́ òǹkàwé ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń gba ìwé lóṣooṣù. Owó tí mo san á ra bíi mẹ́wàá irú rẹ̀.

Látọjọ́ náà, n kì í ka ohun tí òǹtàwé kọ kí n tó wo ìwé. Ìwé ni mo kọ́kọ́ ń bi léèrè ọ̀rọ̀, ó sì máa ń dáhùn. Bí mo ṣe ń bi í ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ wá awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, tọ́ọ̀ṣì kan, àti ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ. Ìbọ̀wọ́ funfun tí ẹ ń rí nínú fíìmù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó dì mú, ibẹ̀ ni ewé ti ń ya. Irú ìwé kan ṣoṣo ló ń fẹ́ ìbọ̀wọ́, a ó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má fi ọjọ́ orí díwọ̀n ìwé

"Ó ti pé igba ọdún" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òǹtàwé. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìwàásù láti ọdún 1700 sókè pọ̀ jáǹtìrẹrẹ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Ohun mẹ́ta ló ń gbé ìwé níyì: ẹ̀dà mélòó ló ṣẹ́ kù, èèyàn mélòó ló ń wá a, àti bí ara rẹ̀ ṣe pé tó. Ìwé Sáàmù tí wọ́n tẹ̀ ní Massachusetts lọ́dún 1640 pé lórí gbogbo rẹ̀. Mọ́kànlá péré la mọ̀ pé ó kù láyé, ọ̀kan nínú wọn sì lọ ní gbàǹjo ní New York lọ́dún 2013 ní mílíọ̀nù 14.2 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àkọ́kọ́ Harry Potter, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1997. Ọmọ àná ni. Ẹ̀dà ẹlẹ́yìn páálí 500 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, nǹkan bí 300 nínú rẹ̀ sì lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí àwọn ọmọdé ti kà á títí ó fi gbó. Èyí tó kù tí ara rẹ̀ dá ṣáká, àwọn olówó ń jà sí i.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí wọ́n fi ń mú wa. Àtẹ̀jáde ni gbogbo ẹ̀dà tó wá láti inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà kan náà. Ìtẹ̀ ni ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lè ní ìtẹ̀ ogún. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ti àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni àwa olùkójọ ìwé ń lé kiri, òǹtàwé tó bá sì kàn pe ìwé rẹ̀ ní "àtẹ̀jáde àkọ́kọ́" lè má tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé

Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọdún àti ìtàn ìtẹ̀jáde sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òde òní, ẹ ó rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan: 10 9 8 7 6 5 4 3 2 1. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un tẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó kéré jù kúrò. Nítorí náà, bó bá parí sí 4, ìtẹ̀ kẹrin lẹ gbé dání, wọn ì báà kọ "First published" sókè rẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ń to nọ́ńbà láti kékeré lọ sí ńlá, àwọn mìíràn ń fi èyí tó kéré jù sí àárín. Ọgbọ́n kan náà ni. Àfi Random House ní Amẹ́ríkà: fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2 ni òǹkà tó kéré jù nínú ìtẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "First Edition" lókè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ju ìwé gidi sílẹ̀, á máa lọ.

Ẹ tún wá ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé. Ọdún 1970 ni nọ́ńbà yìí di ti gbogbo ayé, lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún 1960 sí 1969. Oní-òǹkà mẹ́wàá ni, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007 ló di mẹ́tàlá. Ẹni tó bá wá fi ìwé "ọdún 1955" lọ̀ yín, tí nọ́ńbà oní-òǹkà mẹ́tàlá jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ dá a padà fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó níye lórí ju ara lọ

Nígbà kan rí, wọ́n máa ń ju jákẹ́ẹ̀tì nù bí ọ̀rá tí wọ́n fi di ọjà ni. Ìdí nìyẹn tó fi di wúrà lónìí. The Great Gatsby, ìwé ìtàn àròsọ F. Scott Fitzgerald, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1925, 20,870 ẹ̀dà ni ìtẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ìwé yẹn fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ náà, wọ́n fi lẹ́tà j kékeré bẹ̀rẹ̀ orúkọ Jay Gatsby, wọ́n wá fi yíǹkì tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó ti jákẹ́ẹ̀tì gègèrè, tó ń fi ọwọ́ sọ lẹ́tà kan ṣoṣo di ńlá.

Níbi tí owó bá wà, ẹ̀tàn ò ní jìnnà. Wọ́n ń tẹ jákẹ́ẹ̀tì tuntun tó jọ ti àtijọ́. Kò burú bí wọ́n bá sọ ọ́. Ẹ fi awò wo àwòrán rẹ̀ àti àwọn lẹ́tà rẹ̀: bí ẹ bá rí tó-tò-tó aláwọ̀ níbi tí àwọ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́jú ti yẹ kó wà, àwòkọ ni. Ẹ̀tàn kejì ṣòroó rí ju èyí lọ: jákẹ́ẹ̀tì gidi, ìwé gidi, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ara wọn rí. Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi eegun méjèèjì síra. Bí oòrùn bá ti pa àwọ̀ aṣọ eegun ìwé tí jákẹ́ẹ̀tì tó bò ó sì mọ́ roro, ta ló wà nínú oòrùn nígbà náà? Ẹnì kan ló so wọ́n pọ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá àṣìṣe

Níbòmíràn, àṣìṣe ń bu ọjà kù. Níhìn-ín, òun ni ìwé ìbí. Nínú ìtẹ̀ àkọ́kọ́ Gatsby, ojú-ewé 205 ní "sick in tired" dípò "sick and tired". Nínú Harry Potter ti 1997, "1 wand" fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ohun èlò iléèwé tó wà lójú-ewé 53. Àgbà gbogbo wọn ni Bíbélì tí Robert Barker àti Martin Lucas tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1631: ọ̀rọ̀ "not" já bọ́ nínú Òfin Mẹ́wàá, àṣẹ wá di pé kí èèyàn máa ṣe panṣágà. Ọba bú wọn, wọ́n san ìtanràn 300 pọ́ùn, wọ́n sì pàdánù ìwé àṣẹ wọn. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù jọ, wọ́n sì bà á jẹ́. Lọ́dún 2022, ìròyìn ẹ̀dà kan tó yọjú ní New Zealand gba ìgboro.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Ó lè wà títí dé ìtẹ̀ kẹta kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ fi ti ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ti jákẹ́ẹ̀tì àti ti aṣọ ìwé kún un, kí gbogbo ẹlẹ́rìí sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka ewé, ẹ má gbọ́kàn lé nọ́ńbà

Ibí gan-an ni mo ti máa ń pẹ́, pàápàá bí ìwé bá ti ju igba ọdún lọ. Nọ́ńbà ojú-ewé àwọn ìwé wọ̀nyẹn kò ṣeé fọkàn tán. Nínú àkójọ eré Shakespeare ti 1623, ojú-ewé 156 nínú Hamlet fò sí 257, bẹ́ẹ̀ ewé kankan ò sọnù. Kí la wá fi ń mọ̀ bí ìwé bá pé?

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Ẹ ó rí lẹ́tà kékeré, A, A2, A3, lẹ́yìn náà B, B2. Àmì tí àwọn aránwé fi ń mọ ìdì ewé tó ṣáájú èyí tó kàn ni. Lẹ́tà mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń lò: kò sí J, kò sí W, U àti V sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má pariwo olè bí K bá tẹ̀ lé I. Lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ojú-ewé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń dá dúró: ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ojú-ewé tó kàn ni. Ẹ ka á, kí ẹ ṣí ewé. Bí kò bá bára mu, ewé ti jáde láàárín wọn. Mo máa ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń tó wákàtí kan nígbà míì. Ẹni tó ń tajà lè máa kanra. Ẹ jẹ́ kó kanra.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ewé kan sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Bébà àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nínú férémù wáyà máa ń fi ìlà hàn, èyí tó nípọn jìnnà síra tó bí íńṣì kan. Bí wọ́n bá ṣẹ́ bébà lẹ́ẹ̀kan, ó di ewé méjì, ìlà wọ̀nyẹn á sì dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ewé mẹ́rin, ìlà á dùbúlẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, ewé mẹ́jọ, ìlà á tún dìde dúró. Nítorí náà, bí ìlà ewé kan ṣoṣo bá dùbúlẹ̀ láàárín àwọn tó dúró, àlejò ni. Bébà tí kò ní ìlà rárá ńkọ́? Atẹ̀wé kan, John Baskerville, fi irú rẹ̀ tẹ apá kan nínú ìwé ewì Virgil rẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1757, kó tó di ìgbà náà kò sí nínú ìwé Yúróòpù. Bí ìwé bá ní 1650 lòun ti jáde, tí bébà rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ láìsí ìlà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹlẹ́rìí mìíràn tí mo fẹ́ràn gan-an ni kòkòrò ajẹwé. Kòkòrò kì í fo ewé. Ihò tó gbẹ́ gba ewé 40 gbọ́dọ̀ gba 41 kó tó dé 42. Bí ewé 41 bá jókòó sáàárín wọn láìní ihò kankan, ìwé mìíràn ni wọ́n ti já a wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbàwọ́n omi: ó máa ń rọra kéré sí i láti ewé dé ewé, kì í ṣàdédé dáwọ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ 6: Ayédèrú

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Thomas J. Wise tiẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ọ̀gá ni láàárín àwọn onímọ̀ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí gbogbo wọn ń bi léèrè. Òun náà ló ń ta ìwé pẹlẹbẹ àwọn akéwì ńlá, tí ọdún tó wà lára wọn ṣáájú gbogbo àtẹ̀jáde tí a mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ewì ìfẹ́ Elizabeth Barrett Browning, tí wọ́n kọ "Reading, 1847" sí lára, bíi pé ìlú Reading ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà. Lọ́dún 1934, òǹtàwé méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, John Carter àti Graham Pollard, fi awò wo bébà àwọn ìwé pẹlẹbẹ náà. Wọ́n rí koríko esparto nínú àwọn kan, wọ́n sì rí igi tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ di bébà nínú àwọn mìíràn, ti 1847 wà lára wọn. Esparto kò wọ bébà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1861, ti igi oníkẹ́míkà sì dé ní nǹkan bí 1874. Báwo ni irú bébà bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé inú ìwé 1847? Wise kú ní 1937 láìjẹ́wọ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n tún rí i pé ewé tó fi pé àwọn ìwé tirẹ̀, inú ìwé British Museum ni wọ́n ti já wọn.

Ti ayé tiwa náà wà. Ìwé Galileo ti 1610 lórí òṣùpá, ẹ̀dà kan tó dé ọwọ́ àwọn òǹtàwé ní New York lọ́dún 2005, àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ojúlówó ni. Nick Wilding, onímọ̀ ìtàn, wo òǹtẹ̀ ilé ìkàwé tó wà lára rẹ̀, ó rí i pé kò bá ti gidi dọ́gba. Lọ́dún 2012, gbogbo wọn gbà pé ayédèrú ni. Òǹtẹ̀ kékeré ló tú àṣírí iṣẹ́ ńlá.

Nílé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ewé kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ́ ojú rẹ̀ lọ. Lẹ́tà òjé àtijọ́ máa ń tẹ bébà jìn, ẹ ó rí òjìji rẹ̀, àtàǹpàkò yín lè mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ewé. Ewé àfirọ́pò tí wọ́n fi ẹ̀rọ òde òní ṣe máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìbuwọ́lùwé

N kò ní pẹ́ níbí. Yíǹkì gidi máa ń nípọn níbi tí kálámù ti yí tàbí tó ti dúró, ó sì máa ń rìn wọ inú bébà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ nípọn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi wé ìbuwọ́lùwé ẹni náà ní ọdún kan náà, nítorí ọwọ́ ń yí padà. Bí òǹkọ̀wé bá buwọ́ lu ìwé kan fún ẹni tí òun náà ní ìtàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá, mo fẹ́ ẹ ju orúkọ lásán lọ, nítorí irọ́ bẹ́ẹ̀ ṣòroó pa.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọwọ́ ta ni ìwé ti kọjá?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, àwọn olè gba òrùlé wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Feltham, létí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó nǹkan bí 240 ìwé lọ, ti Galileo àti Newton wà níbẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó rí wọn lábẹ́ ilẹ̀ ilé kan ní Romania. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn lo ọgbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 2022 àti 2023, àwọn kan ń lọ sí ilé ìkàwé káàkiri Yúróòpù pé àwọn ń ṣe ìwádìí, wọ́n á tọrọ ìwé àtijọ́ Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n á gbé gidi lọ, wọ́n á fi àwòkọ rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2024, Europol, àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, kéde pé ọwọ́ ti tẹ mẹ́sàn-án nínú wọn, ìwé tó sọnù kò sì dín ní 170.

Nítorí náà, ẹ wá òǹtẹ̀ ilé ìkàwé, àti ibi tí wọ́n ti fọ òǹtẹ̀ kúrò: bébà ibẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tàn yàtọ̀ bí ẹ bá gbé e sí iná. Òǹtẹ̀ kì í sọ pé jíjí ni wọ́n jí i, nítorí ilé ìkàwé máa ń ta ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n á lu òǹtẹ̀ mìíràn lé e pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá àmì yẹn. ILAB, ẹgbẹ́ káríayé àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́, ní àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó sọnù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba rìsíìtì tó sọ orúkọ ìwé, ọdún rẹ̀ àti àléébù rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀tọ́ àtidá a padà wà nínú àkọsílẹ̀. Èmi tí mo ra ti ẹgbẹ́ òǹkàwé, n kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á kò fèsì mọ́ títí dòní.

Ìgbésẹ̀ 9: Nígbà tó bá délé

Àwọn ìwé aláwọ̀ ewéko tó dán, tí wọ́n fi aṣọ bò láàárín nǹkan bí 1840 sí 1860, ni ìbọ̀wọ́ tí mo ṣèlérí wà fún. Arsenic, májèlé kan, wà nínú àwọ̀ náà. Winterthur Museum àti Yunifásítì Delaware bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 2019, nígbà tó sì di 2024, ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé yọ mẹ́rin kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ onírọ́bà mú un, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá tó ń tì pa, ẹ fọ ọwọ́. Kí ọmọdé má dé ibẹ̀.

Fún ìyókù: ẹ má fi sẹ́lótéèpù kan ìwé láéláé, nítorí àtè rẹ̀ á di àbàwọ́n tí kì í lọ. Ẹ jìnnà sí oòrùn. Kí ọ̀rinrin yàrá wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá ṣeé ṣe. Àmì pupa rúsúrúsú lára ewé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kòkòrò bá wà nínú ìwé aṣọ àti bébà, ẹ tì í pa sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n ogún Celsius sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tíì ṣí ọ̀rá títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà sẹ̀ sára ewé.

Kí ẹ tó gbé e sórí pẹpẹ, ìdánwò kan kù tó jẹ́ ti ìgbádùn nìkan. Bí etí ewé bá ní wúrà, ẹ di ìwé mú ní títì, kí ẹ rọra tẹ àwọn ewé sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tẹ ọwọ́ káàdì, ẹ wo etí náà. Àwọn ayàwòrán kan máa ń ya odò, afárá tàbí odindi ìlú síbẹ̀, wúrà á sì bò ó. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ewé, á tún pa mọ́. Ó ti di mẹ́ta tí mo bá pàdé, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà wọ́n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.